Owú Tí Rùfáì Jẹ lórí Ṣokoléètì

Ní Ìyànà Iyesi ní Ọ̀tà ni Rùfáì ti kọ́kọ́ rí Adéjọkẹ́. Oòrùn ti yọ́ gbogbo ṣokoléètì tó ń tà fún àwọn ọmọ yunifásítì, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Arẹwà, fíríìjì lo nílò," ni Rùfáì wí. "Iṣẹ́ mi ni. Màá bá ọ tún ọ̀kan ṣe."

Ó tún un ṣe lóòótọ́, ó gbé e lọ sílé ìyá Adéjọkẹ́ ní Àtàn. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà ló ń wá wò ó bóyá ó ń tutù. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ìyá kò kọ́kọ́ gbà nítorí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ó rí i pé inú ọmọ òun ń dùn.

Bí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ṣe ń fa èrò wá sí Ọ̀tà, bẹ́ẹ̀ ni ọjà wọn ń tà. Tìyá-tọmọ ló ń yan kòkó, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́. Dúrójaiyé, ọmọ Ìkirè tó ń kó kòkó wá fún wọn, wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ilé ìdáná. Ìyá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni.

Lọ́jọ́ kan, Rùfáì wọlé, ó bá Adéjọkẹ́ tó ń fi ṣíbí bu ṣokoléètì sí Dúrójaiyé lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

Owú mú Rùfáì gan-an. Ó ní òun fẹ́ wo fíríìjì. Ṣokoléètì tí Dúrójaiyé fẹ́ bá wọn gbé lọ tà níbi ìpàdé ńlá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì ló kún inú rẹ̀. Rùfáì tú wáyà kan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti yọ́. Adéjọkẹ́ bá a dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sango.

"Rùfáì, ìwọ lo tú u."

"Èmi ni, Jọkẹ́ mi. Owú ló ń pa mí. Mo rí ọ bó o ṣe ń fún un jẹ."

"Adùn rẹ̀ ni mo ní kó bá mi tọ́ wò! Lọ bá a, kó o sọ ohun tó o ṣe fún un fúnra rẹ."

Rùfáì lọ. Ìtìjú bò ó bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Owú rẹ kì í ṣe lásán," ni Dúrójaiyé wí. "Mo ti sọ fún un pé mo fẹ́ ẹ. Ó ní ìwọ lòun máa fẹ́."

Rùfáì sáré padà sí Àtàn.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Kó o lè lọ bá a jà?" ni Adéjọkẹ́ dáhùn. "Kòkó tó dáa ló ń kó wá."

Ìyá kò wo ojú Rùfáì. "Ẹni tó bà ọ́ lọ́jà jẹ́ lónìí, ọmọ mi, kí ló máa bàjẹ́ lọ́la?"

"Màámi, ó jẹ́wọ́. Èmi ṣì fẹ́ ẹ." Adéjọkẹ́ na omorogùn inú ìkòkò ṣokoléètì tó yọ́ náà sí Rùfáì. "Olówú mi, wá rò ó. A máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe."

Nígbà tí ìyá gbà, kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, kí ẹ̀sìn má baà dájà sílẹ̀. Dúrójaiyé gbé àpò kòkó kan wá ṣe ẹ̀bùn. Rùfáì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dúrójaiyé ní òun fẹ́ bá ìyàwó jó díẹ̀, Rùfáì náà dìde, ó sì jó láàárín wọn títí orin fi parí.