Ta Ló Jẹ Ẹran Abo Kìnnìún?

"Ìwọ lo jẹ ẹ́! Mú kọ́kọ́rọ́ wá!"

Iwájú abo kìnnìún ni Zarami, ọ̀gá ọgbà ẹranko, ti ń bú Bàbá Goni, ẹni tó ti ń bọ́ ẹranko náà láti ọdún mọ́kàndínlógún, lójú gbogbo àwọn tó wá ṣeré ọdún. Ó ń bú u, ó ń jẹ kílíṣí, ẹran gbígbẹ aláta. Egungun ìhà abo kìnnìún náà ṣeé kà láti òkèèrè. Ìkookò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò lè gbórí mọ́.

Zarami já kọ́kọ́rọ́ gbà. Bàbá Goni ní kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń pa fún àwọn ẹranko náà láràárọ̀, ṣùgbọ́n egungun àti pátákò nìkan ni Modu tó ń ṣọ́ yàrá ẹran ń kó lé òun lọ́wọ́. Modu rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tètè lé arúgbó yìí kó tó jẹ ìkookò fúnra rẹ̀.

Kumbo, ìyá Fúlàní kan tó kó ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá wo àgùnfọn, gbọ́ ọ. Ìdí màlúù ni wọ́n bí i sí. Ó ti ra kílíṣí lọ́wọ́ ìyàwó Modu lẹ́nu géètì, ó sì ti tu ú dànù: màlúù kì í dùn báyẹn. Ọ̀rọ̀ wá yé e. Ó mú ìyókù kílíṣí náà jáde nínú àpò.

"Modu, ẹrú bàbá mi," ló wí, "ya ẹnu ẹ tó dùn yẹn, kí n fún ẹ ní kílíṣí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kànúrí ni Modu, eré kí Fúlàní àti Kànúrí máa pe ara wọn lẹ́rú sì ti pẹ́. Kànúrí wo ló ń kọ òkèlè Fúlàní? Modu kọ̀. Ó ní eyín ń dun òun.

"Eyín tó o fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?"

Ẹ̀rín dá. Modu fi eré sí i, ó fo ọgbà ògòǹgò. Akọ kan lé e yípo lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wọ́ ọ jáde, ṣòkòtò ti ya. Kumbo ti dúró dè é.

"Jẹ ẹ́."

"Ìyá, ẹ má bínú."

"Èmi àti ìwọ kì í bínú síra wa. Jẹ ẹ́, tàbí kó o sọ ẹran tó jẹ́."

Modu kúnlẹ̀. "Kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ ni. Ti abo kìnnìún. Láti ìgbà òjò."

"Ta lò ń tà á fún?"

"Gbogbo ìlú. Ọ̀gá ló ń rà jù."

Ẹran tí Mùsùlùmí kì í fẹnu kàn. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ́ Modu lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Zarami na kọ́kọ́rọ́ padà, kò lè wojú ẹnikẹ́ni, ata kílíṣí ṣì wà létè rẹ̀. Bàbá Goni gbà á, ó mí kanlẹ̀, ó sì wò ó.

"Ọ̀gá, ta ló jẹ ẹ́?"