Wákàtí Mẹ́ta sí Kánò

Aago kan ọ̀sán ni Àyìnkẹ́ gbé omi kaná. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó fẹ́ iná. Nígbà tó máa gbójú sókè, ìkòkò ti gbẹ, iná ti di eérú, aago ara ògiri sì ń lu mẹ́rin. Orúnkún rẹ̀ ò tilẹ̀ ro ó, bí ẹni pé òun kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó ń rí bẹ́ẹ̀.

Sàídù ọkọ rẹ̀ ló fà á. Lọ́dún tó gbé Àyìnkẹ́, ìyàwó àkọ́fẹ́, lọ sí Kánò, lọ́rì ni wọ́n wọ̀ láti Takie, àdúgbò wọn, dé Ìlọrin, rélùwéè ló gbé wọn fún ọjọ́ méjì, ẹrù aṣọ ọkùnrin náà sì wà lórí itan obìnrin títí ẹsẹ̀ fi wú. Nígbà tí Àyìnkẹ́ ti padà wálé, tí Sàídù wá fẹ́ Hajarat, tíyẹn bímọ, ọ̀nà wá di ti ojú ọ̀run. Hajarat ò tilẹ̀ tijú, ó kọ̀wé: "Ìyáálé mi, láti pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà dé ti Kánò, wákàtí mẹ́ta péré ni. Wọ́n fún wa ní tíì."

Obìnrin wo ni yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní jowú?

Àyìnkẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ Fágbèmí, àbúrò ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ. Ó tọrọ kánàkò, òrùka tí ọdẹ fi ń ká ọ̀nà jíjìn kò bí ẹni ká ẹní.

"Ta lo fẹ́ lọ bá?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá. Mo fẹ́ já lù wọ́n lórí oúnjẹ, kí n rí ojú tí wọn ó fi wò mí. Ìjà lásán ni."

"Ẹ̀yin àti ìjà yín. Sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó sí i. Iye máìlì ni o. Ọ̀nà nìkan ló mọ̀ ọ́n ká."

Ó délé, ó gbé òrùka sún mọ́ ẹnu. Máìlì kankan ò sí lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó ń jó o níkùn ló jáde: "Wákàtí mẹ́ta ni." Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó bú Fágbèmí, ó ju òrùka sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ kejì ni wákàtí mẹ́ta ti ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, lẹ́tà dé. Esther, tíṣà tó háyà yàrá iwájú, ló kà á, ohùn rẹ̀ ń relẹ̀ bó ṣe ń lọ:

"Ìyáálé mi, tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Kí lẹ ń wá lọ́dọ̀ mi? Láti aago kan dé mẹ́rin lẹ ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ. Ẹ kì í fèsì. Bàbá ọmọ ò rí yín, èmi àti ọmọ nìkan là ń rí yín. Lánàá, ẹ fọwọ́ kan ọmọ lọ́rùn, níbi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀."

Wọ́n wá òrùka lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò rí i. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago lu kan.

"Tíṣà, so mí mọ́ àga. Má jẹ́ kí n lọ. Mò ń jowú o, ṣùgbọ́n mi ò pààyàn rí."

Esther so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó tì í.

Lójú Àyìnkẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹ́jú. Aago lu mẹ́rin. Okùn ò tú. Esther ti fà sẹ́yìn mọ́ ògiri.

"Mo lọ?"

"Ẹ ò kúrò lórí àga, Màmá. Orin lẹ ń kọ, ẹ ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó wá pẹ́, ẹ dákẹ́."

"Nígbà tí mo dákẹ́ ńkọ́?"

 Ọwọ́ Àyìnkẹ́ tó di ẹ̀ṣẹ́ lábẹ́ okùn ni Esther ń wò. Àyìnkẹ́ ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọdé ló wà níbẹ̀, òwú rẹ̀ ti já, ó sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.