Onídùúró fún Bàbá Ikán

Òjò ti pa ọkùnrin náà wọ egungun nígbà tó wọ ọ́fíìsì. Ọwọ́ òsì rẹ̀ fún àpòòwé kan mọ́ àyà. Ọwọ́ ọ̀tún gbé ìgò kan tí ikán bí ogójì ń gun orí ara wọn nínú rẹ̀. Ó gbé ìgò náà ka orí tábìlì akọ̀wébìnrin tó ń rí sí ìrìn-àjò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ó sì kí i bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn wọ̀nyí náà fẹ́ gba físà ni?" akọ̀wé bi í.

"Wọn ò nílò físà, àǹtí. Ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń wọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn sílẹ̀. Ìwé ni iṣẹ́ tèmi, ìwé náà sì ni oúnjẹ tiwọn. Ẹ má jẹ́ ká bá ara wa jà."

Olùkọ́ ni ọkùnrin náà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Bàbá Ikán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Yunifásítì kan lókè òkun ti gbà á fún ọdún méjì. Ohun kan ṣoṣo ló kù: onídùúró, ìyẹn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí yóò fọwọ́ sí ìwé pé yóò padà. Bí kò bá padà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ onídùúró nìyẹn.

Ọgbọ́n wà nínú òfin náà, ìkà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ṣe é gbà pé àánú ẹni tó wà nílé ni yóò fa ẹni tó lọ padà. Kò rò ó pé àánú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gbà kọjá lórí omi. Olùkọ́ mẹ́ta ti lọ láàárín ọdún márùn-ún, kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó padà. Ta ni yóò tún dúró fún ẹlòmíràn?

Oṣù mẹ́rin ni Bàbá Ikán fi kan ilẹ̀kùn kiri. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá sí ọ́fíìsì wá sọ fún akọ̀wé pé òun kò rí ẹnì kankan. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Ó kàn ń wá ni. Akọ̀wé náà kò sì bi í mọ́ ohun tó wá ṣe.

"Jẹ́ ká fẹ́ra wa," ọkùnrin náà wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Kí n gbàgbé ìrìn-àjò yìí."

"Kí o wá máa wò mí títí ayé bí ẹni tó dí ọ lọ́nà? Rárá o, àyànfẹ́ mi. Èmi ni n ó ṣe onídùúró rẹ."

"Òfin kọ̀ ọ́. Ìyàwó kì í ṣe onídùúró fún ọkọ."

"Ṣé ìyàwó rẹ ni mí? Ẹbí ni wọ́n kọ sínú òfin, ìyàwó ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Wọn ò kọ ẹni tó ń retí."

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ṣe di ohun tí a gbé pamọ́ fún ọdún méjì. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá fọwọ́ sí ìwé àbọ̀, ìwé pé ó ti padà, nìkan ni wọ́n lè ṣègbéyàwó.

Ó ṣòro fún akọ̀wé láti sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìkàwé yunifásítì kan náà. Ó ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ náà kò padà, wọ́n sì lé bàbá kúrò níṣẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó nínú yàrá iwájú, tó ń fi gọ́ọ̀mù àti òwú tún ìwé àwọn èèyàn dì.

"Ojú rẹ kúkú ni wọ́n ṣe lé mi," ni bàbá wí.

"Bàbá mi, eléyìí yàtọ̀."

"Tèmi náà yàtọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò burú rárá, ọmọ mi. Ibi tó lọ ló dára jù."

Ọkùnrin náà lọ. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo ló ń pè. Ní ọdún kejì, wọ́n ní kó dúró lọ́hùn-ún, wọ́n fún un ní yàrá ìwádìí tirẹ̀. Ó rò ó fún obìnrin náà, ó sì béèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Yàrá ìwádìí mi ní yunifásítì wa nílé ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀," akọ̀wé dáhùn.

Irọ́ kọ́, òótọ́ sì kọ́. Yàrá náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹ̀ka ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí, gbogbo ikán tó ń sìn níbẹ̀ sì ti kú. Ẹ̀rù ló ba akọ̀wé. Bí ọkùnrin náà bá mọ̀, kí ni yóò padà wá ṣe?

Nígbà tó ku oṣù kan kí ọdún méjì náà pé, àìsàn dá bàbá obìnrin náà dùbúlẹ̀.

"Bí kò bá padà," ó wí, "má ṣépè fún un. Ìwọ lo fọwọ́ sí i."

Ọjọ́ kẹta, ó kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin náà ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn: ẹni tó fi irọ́ pe èèyàn wálé, ẹ̀wọ̀n ló kọ́ fún un, kì í ṣe ilé. Ó gbé fóònù.

"Àga ló kún yàrá rẹ. Ikán rẹ ti kú tán. Mo fi pamọ́ fún ọ. Bí o bá dúró, n kò ní bínú."

"Mo gbọ́," ni ọkùnrin náà sọ, ó sì pa fóònù. Kò pè mọ́.

Ọjọ́ tí gbèdéke pé, akọ̀wé ti palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́ sínú páálí kan. Ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, Bàbá Ikán wọlé. Ó ti gbẹ sí i, eruku sì wà ní apá aṣọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àbọ̀.

"O ti dé yàrá náà," obìnrin náà wí.

"Mo ti débẹ̀. Àga mọ́kànléláàádọ́rin."

"Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ó yẹ. Ó dùn mí wọra. Ìyẹn ni n kò fi pè."

"Kí ló wá gbé ọ wá?"

"Bí mo bá dúró, ìwọ ni yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí èmi tó lè ṣe tèmi. N kò lè jókòó ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

"O ó kábàámọ̀."

"Àwọn ọjọ́ kan á wà tí n ó kábàámọ̀, bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ sí mi lójú."

"N ó sọ ọ́. Ṣé o ó fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"N ó fẹ́ ọ," obìnrin náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n sunkún bàbá mi. N kò tíì sun ún."

Ọkùnrin náà jókòó tì í. Kò ní kó dákẹ́.