Iṣan Tí Yìnyín Bàjẹ́

Àwọn oníyanrìn ló kọ́kọ́ rí òkú Fàsásì ní èbúté Ìkòròdú, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ti fi irin fọ́ ọ lórí débi pé etí òsì kò sí níbi tí Ọlọ́run fi í sí mọ́. Inspẹ́kítọ̀ Mùlíkátù Adéṣínà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ikùn òkú náà. Ara rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún le gbagidi.

Mujeeb, tí òun àti olóògbé jọ ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ló ń sunkún jù.

"Àná lẹ́yìn ìrun Àṣàrí la sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mà. Ìbàdàn ni mo wà, alẹ́ ni mo dé. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni."

Sìlífátù, ìyàwó olóògbé, kò lè sunkún rárá. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni mi ò ti gbóhùn ẹ̀ mọ́. Mujeeb ní fóònù ẹ̀ ló já sómi."

Mùlíkátù gba ọ̀dọ̀ Dókítà Tẹniọlá, tó ń yẹ òkú wò, lọ.

"Ẹni tó bá kú lánàá," ni dókítà wí, "iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣì máa ń súnkì bí a bá kán oògùn sí i. Tèyí ò mira. Awọ inú ẹ̀ ti bó, yìnyín ti dá ihò sí i lára. Ọkùnrin yìí ti dì gbagidi kó tó tún yọ́."

"Ṣé omi ọ̀sà ò lè fà á?"

"Omi wa yìí? Rárá o."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mùlíkátù àti Sájẹ́ǹtì Kabir bá Mujeeb lẹ́nu ọ̀nà yàrá yìnyín tó ń kó ẹja sí.

"Mujeeb, fóònù tó ti já sómi lo fi bá òkú sọ̀rọ̀ lánàá?"

Ọkùnrin náà fa ìkọ́ irin yọ, ó ṣá a mọ́ Kabir léjìká. Ẹ̀jẹ̀ ta sára ẹja. Bó ṣe fẹ́ ṣá a lẹ́ẹ̀kejì, Mùlíkátù fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn wúwo náà mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Egungun ró bí igi gbígbẹ.

"Ó ní òun á fẹjọ́ mi sùn!" Mujeeb ń ké. "Nítorí oró tí mò ń dà sómi pa ẹja!"

"Oró tó pa ọmọ méjì tó jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀," ni Mùlíkátù wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lo lù ú. O sì fi í pamọ́ síbí kí òkú rẹ̀ lè dà bí òkú àná, nígbà tí ojú gbogbo ayé rí ẹ ní Ìbàdàn. Yìnyín lè dá òórùn dúró. Kò lè dá iṣan sí."

Nírọ̀lẹ́, Sìlífátù di ọwọ́ Mùlíkátù mú. "Nígbà tí Mujeeb gbé e wọ yàrá yìnyín, ṣé ẹ̀mí ti bọ́ lára ẹ̀?"

Mùlíkátù rántí ipa èékánná tó rí nínú yàrá yìnyín náà, lára ilẹ̀kùn, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ẹni tó kúnlẹ̀ lè dé.

"Ó ti bọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Kò mọ nǹkan kan."