Orí Ìtàn Tí Leidys Fò

Iná lọ láàárín ìròyìn àárọ̀. Fáànù dúró, gbohùngbohùn sì kú mọ́ Leidys lẹ́nu. Ó wo òkè, ó wò wá, ó gbé ìwé ìròyìn sún mọ́ ojú, ó sì ń kà á lọ ní ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò kọjá tábìlì kẹta.

"Leidys," Rigoberto pè é láti ẹ̀yìn, "ṣé ìròyìn lò ń kà fún wa ni, àbí ò ń gbàdúrà fún ara rẹ?"

A rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wa kò sì dúró. Sìgá la máa ń wé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nílé iṣẹ́ wa ní Pinar del Río níbí, ní ilẹ̀ Kúbà, ẹnì kan a máa jókòó sórí àga gíga níwájú wa, a ka ìwé ìròyìn fún wa láàárọ̀, a sì ka ìwé ìtàn lọ́sàn-án. Àwa òṣìṣẹ́ la máa ń nawọ́ yàn án. Zoraida ìyàwó mi ló wà lórí àga yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Leidys, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, la fi ń dánra wò fún oṣù kan. Bí a kò bá nawọ́ fún un ní ìparí oṣù, ilé ló ń lọ, ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn kò sì ní ẹlòmíì.

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀wé mọ́," mo sọ fún Hortensia tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Girama lèmi náà kà mọ. Ẹni tó bá kàwé báyìí láyé tiwa, olùkọ́ á ní kó lọ dúró síta."

"Evelio, o tún ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí bàbá mi ń sọ nípa tiwa náà nìyẹn."

Ìwé ìtàn tó wà lọ́wọ́ dá lórí obìnrin kan tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri etíkun nígbà tí ìjì ń bọ̀. Ó gùn. Ó yẹ kí Leidys ti kà á sílẹ̀ nílé kó tó kà á fún wa, ṣùgbọ́n tó bá délé, á tò sórí ìlà fún búrẹ́dì, á pọn omi, ilẹ̀ á ṣú, iná ò sì sí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé Yoandri ọ̀rẹ́ òun ló gba òun nímọ̀ràn.

"Kí lò ń da ara rẹ láàmú sí?" ni Yoandri wí. "Ọwọ́ wọn wà lára tábà, ọkàn wọn wà nílé. Àkékúrú ìtàn yẹn wà lórí fóònù. Wo ibi tó ń lọ, kí o fo ibi tó gùn."

Leidys gbọ́ tirẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ti ń wé sìgá láti kékeré mọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí, etí ni kò níṣẹ́ mìíràn ju kó gbọ́ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìjì ti ń ká òrùlé nínú ìtàn. Leidys ṣí ìwé síwájú, ó sì kà á pé obìnrin náà ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ lábẹ́ igi. Ọwọ́ wa dúró. Lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí a fi ń gé ewé bọ́ sílẹ̀, òmíràn tẹ̀lé e, títí ariwo irin fi gba gbogbo ilẹ̀. Bí ìwé bá dùn mọ́ wa, a máa ń fi ọ̀bẹ yẹn lu pákó iṣẹ́ wa. Bí a bá jù ú sílẹ̀, ẹni tó ń kàwé mọ ibi tó kù sí.

"Ìjì yẹn dà?" ni Rigoberto bi í. "Àbí ó ti yà sílé yín?"

"Bàbá arúgbó tí ìjì bá lórí ibùsùn ńkọ́?" ni Hortensia wí. "Mo ti ń sunkún rẹ̀ bọ̀ láti ọjọ́ Ajé."

Leidys pa ìwé dé. "Mo fò ó ni. Ẹ má bínú. Mi ò tíì kà á."

Kò purọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gbà á sílẹ̀. A nawọ́ lójú ẹsẹ̀, a sì ní kó má ka ìtàn fún wa mọ́ títí di ìparí oṣù, ìròyìn nìkan ló kù fún un.

"Ẹ ò rí i?" mo wí. "Ìmọ̀ ti relẹ̀."

Hortensia kò gbójú kúrò lára ewé rẹ̀. "Nígbà tí Zoraida kọ́kọ́ dé, ta ló ń jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, tó ń ní kó tún un kà? Ṣebí ìwọ ni. Ta ló jókòó ti eléyìí? Ọmọ tí a kò kọ́, Evelio. O mọ èyí tó kù."

Nígbà tí mo délé, mi ò lè jókòó, mi ò lè jẹun. Mo ń rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Leidys tẹ̀ lé mi wálé. Àga Zoraida wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé e láti ọjọ́ tó ti kú. Mo ní kó jókòó, mo sì gbé ìwé ìtàn náà lé e lọ́wọ́.

"Bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìjì."

Ó ka ojú ìwé kan. Mo bi í pé kí ló yé e níbẹ̀. Kò lè sọ. "Padà," mo wí. Ó sunkún. Mo dúró títí ó fi sunkún tán, mo tún ní kó padà. Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, títí tó fi di ọjọ́ tí òun náà bi mí léèrè.

"Bàbá, kí ló dé tí afẹ́fẹ́ fi dákẹ́ láàárín ìjì, tó sì tún padà wá?"

"Bí ìjì ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ìyẹn kọ́ ni ìdáhùn, bàbá." Ó fi ìka ya òbírípo sórí tábìlì. "Afẹ́fẹ́ yìí ń yípo ni, àárín rẹ̀ pa rọ́rọ́. Àárín yẹn ló ń kọjá lórí wọn. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé."

Ìjì tí mo ti là kọjá láyé mi kò kéré, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ mi ní ìyẹn.

Ní ìparí oṣù, a ní kó ka ibi tó fò. Ó ṣì kọsẹ̀, ó dúró, ó sì tún un kà láìfi pamọ́. Rigoberto kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó tó àkókò àtinawọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́, kì í sì í ṣe nítorí àánú. Àwọn tó gbà fi díẹ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ. Leidys dúró sẹ́nu iṣẹ́.

Kò tíì kàwé bíi Zoraida, bóyá ni yóò sì kà á bíi tirẹ̀ láé. Mi ò ní tan ọmọ kankan. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé mọ̀ pé ẹni tó fo ojú ìwé kó lè tètè dé òpin, ọwọ́ òfo ni yóò fi débẹ̀, ojú gbogbo ayé ni wọn yóò sì ti bi í ní ohun tó fò. Àwa àgbà tí a ń ké pé ìmọ̀ ń relẹ̀ láti ìran dé ìran, ẹ jẹ́ ká rántí pé ìmọ̀ kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rìn bá ọmọ nílé. Ẹnì kan ní láti jókòó ti ọmọ náà.