Wọ́n Ní Ta Ló Ń Ṣàìsàn, Ó Ní Ara Àwọn Le

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí kòrónà ti dé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù mọ́lé bí adìẹ inú àgò, Doyinsọ́lá ń po ògì fún ìyá rẹ̀ ní kíṣìnì ilé wọn ní Thamesmead. Ìbòmú wà lójú rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ń ṣe nítòsí Woolwich, àyẹ̀wò Ọjọ́bọ̀ sì ti fi hàn pé kòrónà ti mú un. Wọ́n ní kó jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́wàá. Pálọ̀ ló ń sùn, ìyá rẹ̀ wà ní yàrá, ẹnu ọ̀nà ló sì ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ sí, á kan ilẹ̀kùn, á sá padà.

Màmá ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ikọ́ fée sì ń bá a fínra láti ọjọ́ pípẹ́. Dókítà ti kọ lẹ́tà sí i pé kó má ṣe yọjú síta rárá. Ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n lẹ lẹ́tà náà mọ́.

Ìjì sì ń bọ̀. Àwọn òyìnbó a máa sọ ìjì lórúkọ bí ẹni ń ṣe ìkómọ, ṣùgbọ́n orúkọ kì í sọ pé kó má ba nǹkan jẹ́. Òjò ti ń rọ̀ láti àná, ọkọ̀ ojú omi Woolwich kò ná mọ́ nítorí atẹ́gùn, odò kékeré ẹ̀yìnkùlé wọn sì ti kún dé etí. Ilé ìsàlẹ̀ pátápátá ni tiwọn.

Ní aago mọ́kànlá, fóònù dún. Obìnrin kan láti káńsù ni, Bernice lorúkọ rẹ̀. Ó ní omi lè ya wọlé tó bá di aago méjì ọ̀sán, kí àwọn ará ilé ìsàlẹ̀ tètè lọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé tó wà lórí òkè.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn nínú ilé yín?" ni Bernice bèèrè. "Ṣé ẹnì kan ní kòrónà, tàbí mímí ń ni í lára? Ẹ sọ fún mi, torí a ti ya yàrá sọ́tọ̀ fún irú wọn, ọkọ̀ á sì wá gbé wọn."

Ìbéèrè náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n inú ìjọ tí Doyinsọ́lá dàgbà sí, èèyàn kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń ṣàìsàn. Kí ibà gbé ọ dè mọ́ ẹní, "I'm strong" ni wàá sọ. Bí wọ́n bá ní Sister Bùsọ́lá strong, gbogbo ìjọ ti mọ̀ pé orí ibùsùn ló wà, wọ́n á gbé ọbẹ̀ lọ kí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rù ń ba Doyinsọ́lá. Ó rò pé bí wọ́n bá gbọ́ pé òun fẹ́ jáde pẹ̀lú kòrónà lára, ọlọ́pàá á dé, físà òun á sì bá a lọ. Ó tún ń rò ó pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni kòrónà á ti pa Màmá.

"No, ma," ló fi dá a lóhùn. "Nobody is sick here. We are strong. Very strong."

Inú Bernice dùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara wọn le, wọ́n á fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá.

"Ta nìyẹn?" Màmá bèèrè láti inú yàrá.

"Káńsù ni, mà. Wọ́n ní ká kó lọ sí school hall."

"Pẹ̀lú corona yìí? Ṣé wọn ò rí letter mi ni?"

"A ò ní lọ, mà. Ẹ̀jẹ̀ Jésù á bo ilé yìí."

"Àmín o!"

À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Omi pupa ni, ó ń rùn, ó sì tutù bíi yìnyín. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti dé kókósẹ̀ Doyinsọ́lá.

"Mummy, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lórí bed o!"

Màmá ti sọ̀ kalẹ̀. Oògùn tó ń fà sẹ́nu nígbà tí èémí bá há ló ń wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú sínú omi. Igbe tó ké dé òkè.

Waheedah, nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè wọn, sáré sọ̀ kalẹ̀ wá sójú fèrèsé.

"Doyin! Ẹ̀yin ò tíì lọ?"

"Má wọlé! Má sún mọ́ mi!"

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"I'm strong."

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ti kọ́ Waheedah ní èdè yìí. "Strong báwo? Ṣé strong tó ń rìn ni, àbí strong tó dùbúlẹ̀? Corona ni, àbí òun kọ́?"

Doyinsọ́lá bú sẹ́kún. "Òun ni. Mummy ti ṣubú, wọn ò lè mí dáadáa. Àwọn tó ṣàyẹ̀wò fún mi ló ní mi ò gbọdọ̀ jáde."

"Ta ló sọ fún ẹ pé kó o jókòó kí omi gbé ẹ lọ? Tí ewu bá dé, òfin gbà kó o jáde. Wọ mask ẹ, sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé ẹ pé o ní corona, kó lè múra sílẹ̀. Ó tán!"

Waheedah wọ ìbòmú tirẹ̀, ó gba ojú fèrèsé wọlé, òun àti Doyinsọ́lá sì gbé Màmá sórí tábìlì. Ó wá fi fóònù Doyinsọ́lá pe Bernice padà, ó sì dárúkọ gbogbo rẹ̀ fún un: kòrónà, ikọ́ fée, ẹni tó ṣubú. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ méjì dé, àwọn tó wà nínú wọn sì wọ aṣọ ìdáàbòbò. Ọ̀kan gbé Màmá lọ sí ọsibítù, èkejì gbé Doyinsọ́lá lọ sí ilé ìwé.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n mú un gbà, kò sì kan ẹnikẹ́ni. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì ló rí níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó ní kòrónà. Èkejì jẹ́ ti àwọn tí kò gbọdọ̀ kó o, bẹ́ẹ̀dì kan péré ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti ṣí fèrèsé, wọ́n gbé omi mímu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Láti àárọ̀ ni bẹ́ẹ̀dì náà ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó sùn sórí rẹ̀. Doyinsọ́lá dúró, ó ń wò ó, àánú ìyá rẹ̀ sì ṣe é.

Egungun ìbàdí Màmá ló ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò ní ọsibítù. Ó padà wálé láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá irin ló fi ń rìn títí dòní, kò sì lè dá wọ ilé ìwẹ̀ mọ́. Doyinsọ́lá ló ń wẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó mú Doyinsọ́lá, kò sì sí ẹni tó bèèrè físà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àdúrà dára, ẹ máa gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòrónà àti omi bá jọ dé, omi kì í dúró kí ọjọ́ mẹ́wàá pé. Ẹ múra sílẹ̀ kí ìjì tó dé: ẹ kó oògùn, ìwé dókítà àti ìbòmú sínú àpò kan, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ máa sá lọ. Bí ẹ bá ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó ń gbé lókè tó sì lè gbà yín, ẹ bá a sọ ọ́ ṣáájú. Bí ẹni tó fẹ́ gbà yín là bá sì bi yín pé kí ló ń ṣe yín, ẹ dárúkọ àìsàn náà fún un. Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín ni kò tíì mọ̀.