Ọkọ̀ Pupa Gàfárù

Ariwo ọkọ̀ náà ni Súlìyát kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ pupa pẹnpẹ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ọmọrí àpótí, ìlà dúdú méjì sì gba orí rẹ̀ kọjá bíi ti ọkọ̀ ìdíje. Ó bú ramúramù wọ àdúgbò wọn ní Fegge, ní Onitsha, níbi tí wọ́n ṣì ń tún àwọn ilé tí ogun wó kọ́. Súlìyát fà sẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ aláriwo bẹ́ẹ̀ ni Yúnúsà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́dún méjì sẹ́yìn tí eré àsápajúdé fi pa á lọ́nà Awka.

Gàfárù ni ọmọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń ta irú ọkọ̀ náà ló gbé òun àti ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn kó lè máa bá wọn tà á, lọ́dún tí ìjọba bu owó lé owó oṣù tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń fẹ́ ra mọ́tò. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù abọ́ taǹganran bàbá Súlìyát.

"Arẹwà, ṣé Yorùbá lẹ ń sọ ni àbí Ìgbò?"

"Èyí tó bá máa jẹ́ kẹ́ ẹ tètè sanwó."

Abọ́ kan ló rà lọ́jọ́ náà. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti ra méjìlélógún, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń dágbé.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé Súlìyát lọ sí Obosi, ojú dídì ló fi jókòó, àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó lajú lórí òkè, lọ́rì tó kún fún iṣu ń yà wọ́n sílẹ̀.

"Ṣé nítorí mi lẹ ṣe ń rọra lọ?"

Ojú ti Gàfárù. "Olólùfẹ́ mi, mo ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tán. Ariwo ló pọ̀, ẹ́ńjìnnì ò tó nǹkan. Owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọkọ̀ ńlá. Jọ̀ọ́, má sọ fẹ́nì kan. Eré ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ń rà á. Bí wọ́n bá mọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Súlìyát rẹ́rìn-ín títí, ó sì búra fún un.

Àfi bí Àláájì Màmúdù, bàbá rẹ̀, ṣe gbọ́ pé ọlọ́kọ̀ pupa ń fẹ́ ọmọ òun. "Mo ti sin ọ̀kan, mi ò ní sin èkejì. Sátidé lo máa lọ bá àbúrò mi n'Ílọrin."

Jìnnìjìnnì bo Súlìyát. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ Gàfárù ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ fún Gàfárù pé òun ń lọ. Kò sọ àṣírí ọkọ̀ náà fún bàbá rẹ̀.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, Gàfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àláájì.

"Bàbá, ọkọ̀ mi ò lè sáré. Ẹ wọlé ká lọ sí Obosi, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i."

Oníbàárà Gàfárù kan wà níbẹ̀. "Abi no be you talk say e dey fly?"

Gàfárù ṣílẹ̀kùn. Àláájì wọ ọkọ̀.

Obosi ò jìnnà. Wọ́n pe ìrun Alásárì, wọ́n kí i tán, Àláájì àti Gàfárù ò dé. Súlìyát jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe jókòó lọ́jọ́ Yúnúsà náà nìyẹn. Ó dá a lójú pé òun ti fi ìfẹ́ rán bàbá òun sọ́run. "Nwa m, wetuo obi," ọmọ mi, fọkàn balẹ̀, ni aládùúgbò wọn kan ń fi ṣìpẹ̀ fún un, kò gbà.

Oòrùn ń wọ̀ kó tó gbọ́ ariwo náà. Kò lè gbójú sókè, àfìgbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la dúró kí ọkọ̀ lè sinmi!" Àláájì ń rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí àwọn tó ń wò ó. "Gàfárù ní owó ọkọ̀ yìí ju agbára rẹ̀ lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ká ní irú rẹ̀ wà lọ́jà nígbà ayé Yúnúsà ni, ǹ bá ta ilé yìí rà á fún un." Ó fi etí agbádá nu ojú.

Gàfárù sún mọ́ Súlìyát. "Iléeṣẹ́ á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi ní Mọ́ńdè."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á. Ẹ̀yin ni mo ń retí látọ̀sán, kì í ṣe mọ́tò."

Súlìyát di ọwọ́ Gàfárù mú lójú gbogbo ayé. Àláájì rí i, kò sì ní kó fi í sílẹ̀.